Kí Monica Tó Gba Bẹ́líìtì Dúdú

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló kó ẹrù wọn kúrò ní Ìlọrin ní ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, Ọláníran ọmọ Bámigbóyè sì wà lára wọn. Ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, kò tíì gbéyàwó. Lókọ́jà kò gba gbogbo wọn. Ilé kò sí, ọ́fíìsì kò sí. Nítorí náà, wọ́n ní kó lọ sí Kàbà, sí ẹ̀ka tó ń mójú tó ilé àwọn iléèwé. Inú rẹ̀ dùn sí i, torí pé Ẹkinrin-Àdé tí ìyá rẹ̀ ń gbé kò jìnnà sí Kàbà, ó sì lè máa lọ jẹ iyán rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀.

Òrùlé gbọ̀ngàn iléèwé kan ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde. Ìjì ti ká páànù rẹ̀ lápá kan. Ìrọ̀lẹ́ ló débẹ̀, ó sì bá àwọn ènìyàn tó wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, tí wọ́n tò ní ìlà, tí wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan ló wà níwájú wọn. Gbogbo wọn ń làágùn, àmọ́ ojú obìnrin yìí tutù bí ojú ẹni tó ń kàwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde," ni Ọláníran wí. "Páànù yìí lè já lé ẹnikẹ́ni lórí."

Wọ́n ń bá tiwọn lọ. Obìnrin náà parí ohun tó ń ṣe, ó tẹríba fún olùkọ́ rẹ̀ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó tó wá kí i lẹ́nu ọ̀nà bí ará Kàbà ṣe ń kíni.

"Okun o, sà. Ó ku díẹ̀ ká parí. Tí a bá dá a dúró láàárín, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ni. Ẹ fún wa láyè díẹ̀ sí i."

"Tí páànù bá wá já ńkọ́?"

"Apá ọ̀hún ló ṣí. Apá ibí la wà."

Ọláníran gbójú sókè, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó fa bẹ́ǹṣì kan jókòó, ó sì dúró dè wọ́n.

Monica lorúkọ obìnrin náà. Ọmọ Kàbà ni, tísà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bẹ́líìtì búráùn ló so mọ́ ìdí, dúdú nìkan ló sì kù lókè rẹ̀. Nígbà tí Ọláníran bi í léèrè ìgbà tí wọ́n fi ń gba dúdú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó bi Sẹnséì, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ wọn. Hezekiah lorúkọ Sẹnséì. Kádúná ló ti kọ́ kàràtè nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ.

"Ẹni tó bá ń wá déédéé, tí kò ṣàìsàn, tí kò rìnrìn àjò, ó lè gbà á ní ọdún mẹ́rin," ni Hezekiah dáhùn. "Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè lo mẹ́fà. Àwọn mìíràn ń lo mẹ́wàá. Àwọn tó pọ̀ jù kì í gbà á rárá, torí pé ibi kan wà láàárín ọ̀nà tó máa ń sú ènìyàn."

Páànù yẹn pẹ́ kó tó parí. Lójoojúmọ́ ni Ọláníran ń wá wo bó ṣe ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń wò ó. Nígbà tó yá, òun ló ń bá Monica gbé àpò aṣọ rẹ̀ délé. Wọ́n á ra àgbàdo sísun lójú ọ̀nà, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lọ. Monica kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ohunkóhun tí Ọláníran bá sọ lónìí, ó lè tún un sọ fún un lọ́sẹ̀ méjì sí i bó ṣe wí i gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì tẹ́tí sí Ọláníran bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn òjò ọjọ́ kan, Ọláníran ní, "Monica, mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi."

Monica rìn díẹ̀ sí i. "Mo ti mọ̀. Òrùlé kì í gba ìgbà tó báyìí."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo fẹ́ ọ. Àmọ́ dúró dè mí. Bàbá mi ló ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ tísà, mo sì lọ. Màmá mi ló ní kí n wọ ẹgbẹ́ akọrin, mo sì wọ̀ ọ́. Kàràtè yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rán mi. Àwọn obìnrin méjì ti wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ṣáájú mi. Wọ́n lọ sílé ọkọ, wọ́n lóyún, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀. A ò rí wọn mọ́. Jẹ́ kí n gba dúdú ná."

"Yóò ti pẹ́ tó?"

"Bóyá ọdún kan. Bóyá méjì."

Ó rọrùn fún Ọláníran láti gbà lọ́jọ́ yẹn. Òórùn ilẹ̀ tútù ń dùn, ọwọ́ Monica sì wà nínú tirẹ̀.

Ẹni tí kò rọrùn fún ni bàbá Monica, Bàbá Jethro, tó jẹ́ olùkọ́ni ní ìjọ Kátólíìkì. Ó fa Ọláníran lọ sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé.

"Ọmọ mi, èmi ti fún ọ. Kí lo tún ń dúró dè?"

"Monica ló ní kí n dúró, Bàbá."

"Monica." Bàbá Jethro mi orí. "Ọmọ tó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tó ṣì ń fò sókè bí ẹran. Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n."

Ọdún tó yẹ kí Monica ṣe ìdánwò ni wọ́n fagi lé ìbò ààrẹ. Epo wọ́n, àwọn ènìyàn ń dí ọ̀nà, àwọn tó fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò láti Kádúná kò sì lè wá. Wọ́n sún un síwájú. Àwọn ọ̀rẹ́ Ọláníran ń sọmọ lórúkọ, òun ló ń bá wọn to àga. Nígbà mìíràn, tó bá dá jókòó sílé rẹ̀, á máa bi ara rẹ̀ pé ṣé bẹ́líìtì yìí ni Monica ń dúró dè, àbí ìfẹ́ òun ni kò tíì dá a lójú. Tó bá sì rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú òógùn lọ́rùn àti ẹ̀rín lójú, ìbéèrè náà á kúrò lọ́kàn rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló le jù. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ pé tísà ni Monica, ó yọ̀. Fúnmi, ọmọ àbúrò bàbá Ọláníran, tí òun àti Monica jọ ń kọ́ni níléèwé kan náà, ló ń ṣe alárinà wọn. Òun ló wá fi ẹ̀rín sọ fún Màmá pé ìyàwó tó ń bọ̀ mọ kàràtè. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò fẹ́ ẹni tó mọ ìjà nínú ilé ọmọ òun, kò sì sọ ìdí. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ní ọmọbìnrin kan wà ní Ìyàrà tó ń jẹ́ Glory, tó ń ránṣọ, tó sì níwà. Ọláníran ní òun kò lọ wò ó.

Kò sí ohun tí Fúnmi gbọ́ tí kì í sọ. Ọ̀sẹ̀ tí Monica fẹ́ ṣe ìdánwò ní Lókọ́jà níkẹyìn, ó bá a níbi tó ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò.

"Màmá ní tó bá jẹ́ ìwọ ni, àwọn kò ní tẹsẹ̀ síbi ìgbéyàwó náà. Mo ní kí n tètè sọ fún ọ ni, kó má bàa jẹ́ pé ìta lo ti máa gbọ́ ọ."

Monica ṣí ìwé ọmọ tó kàn. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọláníran bá a lọ sí Lókọ́jà. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Monica ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe láìsí àṣìṣe, ó wá ku ìjà pẹ̀lú ọkùnrin kan láti Òkéné. Nínú ìjà kàràtè irú tiwọn, ẹ̀ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kan ojú. Ó gbọ́dọ̀ dúró nígbà tó bá fẹ́ débẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń wò gan-an nìyẹn. Ti Monica kò dúró. Ó dún lẹ́nu ọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ sì kán sára aṣọ funfun. Olùyẹ̀wò gbé ọwọ́ sókè, ó ní Monica kò yege. Ó parí.

Ìró ẹ̀ṣẹ́ yẹn ló já Ọláníran láyà ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti ń gbọ́ ọ láti inú yàrá kejì nígbà tó wà ní kékeré.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, Monica ní, "O rí mi."

"Mo rí ọ."

"Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ ọ, ìyẹn ni mo ń kọ́, kí ọwọ́ mi lè dúró. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo gbé wọnú ìjà." Ó dúró kí Ọláníran sọ nǹkan. Ọláníran tẹjú mọ́ ọ̀nà. Monica yíjú sí fèrèsé. "Lọ bá wọn. Ohun tí ẹ bá jọ pinnu, mi ò ní bínú."

Ọláníran kò dé gbọ̀ngàn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ọ́fíìsì. Àgbàdo sísun gan-an kò wù ú jẹ mọ́. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gba Ẹkinrin-Àdé lọ. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó fa àpótí, òun náà mú ọ̀bẹ.

"Màmá, kí ni Monica ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mi ò tíì rí i rí."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé yóò máa nà mí ni?"

Màmá fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìwọ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún, Níran. Ọmọ ẹlòmíràn ni mò ń bẹ̀rù fún."

Ọláníran wò ó.

"O mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá bàbá rẹ nígbà tó wà láyé. Èmi àti ìwọ kò sọ ọ́ rí, àmọ́ o mọ̀ ọ́n. Èmi kì í nà án padà. Mo máa ń jókòó sílẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó mọ ìjà kò ní jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ tí o bá gbé ọwọ́ sókè, tí òun náà gbé tirẹ̀, ta ni yóò là yín? Òkú ni wọn yóò gbé níbẹ̀."

"Mi ò na ẹnikẹ́ni rí, Màmá."

"Bàbá rẹ náà kò na ẹnikẹ́ni rí kó tó fẹ́ mi. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ṣe ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ náà tán.

Ní ọjọ́ kejì, Ọláníran lọ dúró de Monica lẹ́nu ọ̀nà iléèwé rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí ìyá rẹ̀ wí àti ohun tí òun gbọ́ láti yàrá kejì nígbà èwe. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Monica gbọ́ ọ tán. "Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ?"

Ó wu Ọláníran kó ní rárá. "Mi ò mọ̀," ló wí.

"Èmi náà kò mọ̀ pé ọwọ́ mi kò ní dúró ní Lókọ́jà." Monica gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ajé. Má wọ bàtà."

"Láti wá ṣe kí ni?"

"Láti wá mọ ọwọ́ rẹ."

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní ikùn ṣe lọ tò sẹ́yìn àwọn ọmọ iléèwé girama nìyẹn, pẹ̀lú bẹ́líìtì funfun tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó. Orúnkún ń ro ó. Fúnmi wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá oníjà. Ó ń lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Sẹnséì fi í kojú Gbádéyan, ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ̀ṣẹ́ Gbádéyan ṣèèṣì kàn án nímú. Ojú Ọláníran ṣú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ju ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, tí kì í bá ṣe pé Sẹnséì gbá a mú, eyín Gbádéyan ì bá wà nílẹ̀.

"Jókòó," ni Sẹnséì wí, láìbínú.

Ọláníran jókòó sídìí ògiri. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò purọ́. Ohun náà wà níbẹ̀. Monica rí gbogbo rẹ̀ láti òdìkejì gbọ̀ngàn, kò sì wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Ọláníran bi í pé, "Ṣé kí n má wá mọ́?"

"Ká ní o kò rí i lónìí, ìgbà wo lo fẹ́ rí i?" ni Monica wí. "Wá lọ́la."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ó tún lọ lọ́jọ́ kẹta. Òjò kan kọjá, ọyẹ́ dé, bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò ní funfun, ó di yẹ́lò. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Gbádéyan tún gbá a láṣìṣe, ó dùn ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ Ọláníran jáde. Ó dé iwájú ojú Gbádéyan, ó dúró síbẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi okùn so kọ́. Wọ́n tẹríba fún ara wọn, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé Ọláníran ga lẹ́nu iṣẹ́ kò dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Fúnmi, tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, ló mú Màmá wá. Ọjọ́ ọjà Kàbà ni, Màmá ní kí òun kàn yà wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àpò gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àti obìnrin kan ló kojú ara wọn. Ẹ̀ṣẹ́ obìnrin náà dúró lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọláníran. Ẹ̀ṣẹ́ Ọláníran dúró níwájú ojú obìnrin náà. Wọ́n ṣe é léraléra, Màmá sì ń wò wọ́n láìṣẹ́jú títí wọ́n fi parí.

"Olùkọ́, ìgbà wo ni wọ́n máa ń kọ́ eléyìí tán?" ló bi Hezekiah.

"Màmá, bẹ́líìtì dúdú ní ọdún tirẹ̀. Ní ti kí ọwọ́ dúró yìí, èmi fúnra mi ṣì ń kọ́ ọ."

Monica wá kúnlẹ̀. "Okun o, Màmá."

"Okun. Ìwọ ni Monica." Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo Monica. "Tó bá gbé ọwọ́ sí ọ lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Ojú ti Ọláníran. Monica kò yí ojú rẹ̀ kúrò.

"N ó gbé ọwọ́ náà kúrò lára mi, Màmá. N ó kó ẹrù mi, n ó sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Lọ́dọ̀ mi?"

"Ẹ̀yin lẹ máa gbà mí gbọ́."

Màmá fà á dìde lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò gààrí rẹ̀. "Fúnmi, níbo ni ilé bàbá rẹ̀? Jẹ́ ká lọ kí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú."

Monica fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣègbéyàwó láìdúró de bẹ́líìtì. Ọláníran bi í léèrè ohun tó yí i lọ́kàn padà. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé ọkọ yóò mú òun kúrò nínú ìlà, nígbà tí ọkọ náà sì ti wà nínú ìlà, kí ló kù? Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ìjọ Kátólíìkì ní Kàbà. Màmá tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi jókòó sí iwájú pátápátá, ó ń dìde nígbà tí wọ́n bá jókòó, ó ń jókòó nígbà tí wọ́n bá dìde, inú rẹ̀ sì dùn.

Síbẹ̀, ohun tí Monica bẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀. Oyún dé, ó dúró sílé. Wọ́n bí Tiwalọlá, oorun kò tó, ara wúwo. Aṣọ funfun náà wà nínú àpótí ju ọdún kan lọ. Ó ní òun ń padà bọ̀, ó sì gbọ́ ohùn àwọn obìnrin méjì tó ṣáájú rẹ̀ ní gbọ̀ngàn nínú ohùn ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Ọláníran, omi sì wà lójú rẹ̀.

Ọláníran kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó fi ọ̀já pọn ọmọ sẹ́yìn ara rẹ̀, ó mú aṣọ funfun náà jáde, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò ń wo ọkùnrin tó pọnmọ kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ń kí wọn. Láti ọjọ́ yẹn, tí Monica bá wà nínú ìlà, òun á gbé ọmọ. Tó bá kan òun, Monica á gbé e.

Ọdún kẹsàn-án tí Monica ti kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn ló ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kejì, ní Ìlọrin. Ọkùnrin gíga kan ni wọ́n fi kojú rẹ̀, ó sì fi ìbínú jà. Monica kò gbé ìbínú kankan wọlé lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ló ń dé ibi tó yẹ, tó ń dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n so bẹ́líìtì dúdú mọ́ ọn nídìí, ó wo ẹ̀gbẹ́ ògiri tí Ọláníran àti ọmọ wọn jókòó sí, ó kàn mi orí sí wọn. Ọláníran ló sunkún.

Ẹkinrin-Àdé ni wọ́n ti sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá gba bẹ́líìtì náà, ó fọwọ́ pa á wò, ó ní aṣọ rẹ̀ le dáadáa, ó sì dá a padà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Monica ń gbálẹ̀, Màmá jáde sí àgbàlá.

"Monica, fi bí wọ́n ṣe ń dúró hàn mí."

Monica gbé ìgbálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Màmá na ẹsẹ̀ kan síwájú, kó tẹ orúnkún díẹ̀, kó nàró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tún ẹsẹ̀ Màmá ṣe. Màmá ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"N ó tì yín díẹ̀, Màmá."

"Tì mí."

Monica tì í léjìká. Màmá kò yẹ̀. Ó tún tì í, ó fi agbára díẹ̀ kún un. Màmá kò yẹ̀.

"Ó tó, Màmá. Ẹ jókòó kí ó má bàa rẹ̀ yín."

Màmá ń wo ilẹ̀kùn yàrá tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀. "Rárá," ló wí. "Mo ti jókòó púpọ̀."

Ọláníran jáde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó bá wọn bẹ́ẹ̀. Oòrùn ti dé àgbàlá, Màmá sì dúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan níwájú, ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ léjìká rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó jókòó mọ́.